Báwo lẹ ṣe ń kọ́ ọmọdé láti ka "bl" àti "st" láìfi fáwẹ̀lì sí i láàárín?

Ẹ̀yin olùkọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 6 tó mọ ìró lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan dáadáa ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé "black", "búláàkì" ni wọ́n ń pè é. "Stop" a di "sítọ́ọ̀pù". Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀ nínú sílébù kan, ìró kan ṣoṣo sì ni "gb" tiwa.

A máa ń ka "lack" ná, kí a tó fi "b" síwájú rẹ̀. "S" ló rọrùn jù, torí a lè fa ìró rẹ̀ gùn títí ẹnu yóò fi kan "t". "B", "d" àti "g" kò ṣeé fà: bí olùkọ́ bá ti pe "b" ní "bọ̀", fáwẹ̀lì ti wọlé nìyẹn. Káàdì ọ̀rọ̀ 4 la ń lò, fún ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́.

Ṣé kí a parí "bl, cl, fl" kí a tó kan "br, cr, tr", àbí kí a dà wọ́n pọ̀? Èyí tó ń kẹ́yìn ọ̀rọ̀ ńkọ́, bíi "hand", tí wọ́n ń pè ní "háǹdì"? Báwo lẹ sì ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ń kà á lóòótọ́, pé kò kàn há a sórí?