Igi wo nìyí? Òdòdó rẹ̀ pupa dúdú, ó ń já sílẹ̀ láàárọ̀

Àdùkẹ́: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mọ igi yìí. Ewé wẹ́wẹ́ méje tàbí mẹ́sàn-án ló tò sára ọ̀pá kan, ọ̀kan dá dúró níṣóńṣó. Ó ń ha èèyàn lọ́wọ́. Òdòdó rẹ̀ tóbi, ó pupa dúdú, òórùn rẹ̀ ò dáa rárá. Láàárọ̀ ni mo máa ń bá a nílẹ̀. Èso rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Akin: Òrúrù ni. Kí ló tún kù?

Bàbá Olóko: Akin, rọra o. Ẹbí kan náà ni òrúrù àti igi tí mo ń rò, ewé wọn sì jọra, nítorí náà ewé nìkan ò tó. Òdòdó òrúrù máa ń kọjú sókè ni, pupa rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí iná. Èso rẹ̀ pẹlẹbẹ. Tó bá gbẹ, á là, hóró abìyẹ́ á máa fò jáde. Àdùkẹ́, ṣé òdòdó tìrẹ ń dúró ni àbí ó ń rọ̀?

Àdùkẹ́: Ó ń rọ̀, sà! Okùn rẹ̀ gùn ju apá mi lọ.

Bàbá Olóko: Pàndòrò ni. Alẹ́ ni òdòdó rẹ̀ ń là, àdán ló sì ń wá mu omi dídùn inú rẹ̀. Èso rẹ̀ kì í là. Ó lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ, kó sì wúwo ju kílò 5 lọ. Má gbé mọ́tò sábẹ́ rẹ̀.

Akin: Mo gbà, Bàbá. Èmi ò tiẹ̀ bèèrè nípa okùn.