Datsun 240Z ọdún 1972: ṣáàfùtì ẹ̀yìn tuntun ń há

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Orí Datsun 120Y bàbá mi ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ mọ́tò wíwà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fi 240Z yìí sílẹ̀ nígbà tí mo rí i tí wọ́n pa á tì sẹ́yìn ilé kan níbí ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Mo ti yọ ẹ́ńjìnnì L24 rẹ̀, L28 onítọ́bò ló wà níbẹ̀ báyìí. Ṣáàfùtì oníkírọ́ọ̀sì tó bá a wá ò ní lè gba agbára yẹn pẹ́, ni mo bá ra differential R200 (àpótí jíà ẹ̀yìn tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) àti ṣáàfùtì CV (èyí tó ń tẹ̀ láìlo kírọ́ọ̀sì) ti 280ZX Turbo 1983, ọkọ̀ Datsun tó dé lẹ́yìn tèmi.

Ihò mẹ́fà ni ṣáàfùtì yìí ní lápá táyà, mẹ́rin péré ló wà lára flange tèmi, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń de ṣáàfùtì mọ́. Mo sì ti fi sípíríǹgì kúkúrú sí i, ọkọ̀ ti wálẹ̀ ní íǹṣì méjì. Tí mo bá gbé ṣáàfùtì síbẹ̀, ó há pinpin. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gé e ni?

Ẹ̀gbọ́n Houston:
Àbúrò, má gé e o! Irin tí wọ́n ti fi iná mú le ni. Tó o bá gé e tó o tún jó o pọ̀, ojú ibẹ̀ gan-an ni yóò ti já, lórí eré sì ni.

Àwọn tó ń gbẹ́ irin lè ṣe pátákó irin tí yóò so ihò mẹ́rin pọ̀ mọ́ mẹ́fà, àmọ́ pátákó yẹn náà máa jẹ nínú àyè tí o ń wá. Èmi ò lò ó. Stub axle 240Z, ìyẹn irin kúkúrú tó ń yí táyà, ní eyín 25. Ti 280Z ọdún 1977 sí 1978 ní 27, ó sì nípọn jù ú lọ. Flange oníhò mẹ́fà ti 300ZX Turbo máa ń wọ eyín 27 yẹn wẹ́rẹ́, láìsí pátákó kankan láàárín.

Kó o tó di ohunkóhun pa, yọ sípíríǹgì kúrò, fi jáàkì gbé táyà sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan rọ́bà òkè. Máa fi ọwọ́ ti ṣáàfùtì wọlé, kó o tún fà á jáde. Ibi tí kò bá ti mì mọ́, ibẹ̀ ni yóò ti máa gún differential.

Ìyá Kọ́lá:
Ṣé ẹ ti pààrọ̀ moustache bar, irin tó gbé ẹ̀yìn differential dúró? R200 kì í bá ti 240Z mu, ti 280Z ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ tún wo rọ́bà tó di imú differential mú. Tèmi ń dún gbà! nígbàkigbà tí mo bá pààrọ̀ jíà. Mo ra kírọ́ọ̀sì ọ̀tún àti òsì, ariwo ò lọ. Rọ́bà yẹn ló ti ya.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an. Mo fẹ́ gbé strut (òpó tó gbé sípíríǹgì àti táyà) sórí tábìlì kí n lè pààrọ̀ stub axle, àmọ́ pin gígùn ìsàlẹ̀ tó so ó mọ́ apá abẹ́ ọkọ̀ kọ̀, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nítorí yìnyín ti jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Houston:
Pin kékeré kan wà láàárín tó há a mọ́ ibẹ̀. Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ yọ. Má fi òòlù lu ojú ibi tí nọ́ọ̀tì ń gbà wọlé, yóò fẹ̀ bí olú. Epo, iná, kó o wá fi irinṣẹ́ fà á.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kẹta rèé, ti òsì ti jáde. Ti ọ̀tún ò tíì mì rárá. Mo tún ti da epo sí i lálẹ́ yìí.