Níbo ni ẹni tó ń dá gun alùpùpù yí Nàìjíríà ká lè pàgọ́ sùn sí?

Akin Mọ́níyà béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Bajaj Boxer 150 ni mo ń gùn, Ìbàdàn ni mo sì ń gbé. Láti ìgbà tí Kúnlé Adéyanjú ti gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù wọ Èkó ní ọdún 2022, tí ó sì fi ọjọ́ 41 rìn ín, ni ó ti ń wù mí láti rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè ni ọkàn mi ń fà sí. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí mi sí gan-an ni mo fẹ́ mọ̀. Mo mọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó bí ẹní mowó, síbẹ̀ n kò tíì fi ojú kan Òkè Ìdànrè rí.

Èrò mi ni pé kí n gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà, kí n sọdá Odò Ọya níbẹ̀, kí n gba Bídà àti Àbújá dé Jos, kí n yà wo ọgbà ẹranko Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, kí n tó wá dorí kọ òkè Mambilla ní Taraba. Èmi nìkan ni mo fẹ́ lọ, n kò sì fẹ́ máa sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Mo ti ra àgọ́ kékeré kan, ẹní tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí, àti sítóòfù kékeré oní-gáàsì. Ohun tí ó ń rú mi lójú ni pé nínú fídíò àwọn òyìnbó, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n ń pàgọ́ sí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bá bá nínú igbó lóru, bí wọn kò bá pè é ní olè, àwọn ajínigbé ni yóò kọ́kọ́ rí i. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín ti ṣe irú èyí rí? Níbo ni ẹ ń sùn sí? Ṣé Boxer lè rù mí dé ibẹ̀, oṣù wo ni ó sì dára jù lọ?

Àgbà Ojú Ọ̀nà fèsì pé:

Àbúrò, o kú ìmúra. Ojú ọ̀nà rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá ọ yẹ̀ wò, nítorí pé òun ni yóò sọ ibi tí o lè sùn. Gbogbo ibi tí o dárúkọ ni ó yẹ kí ojú ọmọ Nàìjíríà rí. Agbègbè Mambilla náà ni Chappal Waddi wà, òkè tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà, tí gíga rẹ̀ tó mítà 2,419, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbin ewé tíì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Jẹ́bà sí Àbújá, àti èyí tí ó ti Bauchi lọ sí Taraba, kì í ṣe ọ̀nà tí ẹnì kan ṣoṣo ń fi alùpùpù rìn ní àkókò yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajínigbé nìkan. Alùpùpù ni àwọn jàǹdùkú inú igbó fi ń ṣọṣẹ́, nítorí náà, alùpùpù tí ó di ẹrù gọbọi sẹ́yìn ni àwọn sójà máa ń kọ́kọ́ fura sí. Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà lókè Ọya tí wọ́n fi òfin de alùpùpù láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀, àwọn ará abúlé pàápàá kì í sì í fẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀ lóru. Bí o bá fẹ́ dé Jos tàbí Mambilla, bá àwọn ẹgbẹ́ agun-alùpùpù tí wọ́n ń tò lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ, kí o sì sùn sí ibi tí wọ́n bá sùn.

Ìrìn àdánìkànrìn tí mo lè fi ọwọ́ sí fún ọ nìyí. Gba Mọ́níyà lọ sí Ìṣẹ́yìn, kí o yà sí Adó-Àwáyè, níbi tí adágún omi Ìyàkẹ̀ wà lórí àpáta. Padà sí Ìṣẹ́yìn, kí o gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ́ sí Òṣogbo, nítorí Igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO fi kún àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Láti ibẹ̀ ni kí o ti lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti ipele dé ipele lára òkè, kí o sì kọjá sí Ìkọ̀gọ̀sí ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé lójú kan. Ìwọ tí o fẹ́ Ìdànrè, Akúrẹ́ ni ìwọ yóò gbà dé ibẹ̀. Gun àtẹ̀gùn rẹ̀, tí ó lé ní 600, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú àpáta, nítorí pé ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè fi sílẹ̀ ṣì wà lókè níbẹ̀, kò sì yẹ kí o kánjú kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà Oǹdó àti Ilé-Ifẹ̀ ni kí o gbà padà sílé. Má ṣe sùn nínú igbó ọba, ìbáà jẹ́ ti Ọ̀yọ́-Ilé tàbí òmíràn, má sì ṣe gba ọ̀nà Kìṣí sí Kaiama rárá.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n Àgbà Ojú Ọ̀nà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ti dín orílẹ̀-èdè arákùnrin yìí kù sí ilẹ̀ Yorùbá. Ó ní Nàìjíríà ni òun fẹ́ rí. Bí ìlà oòrùn òkè Ọya bá le, ìlà oòrùn gúúsù ṣì wà. Láti Ọ̀wọ̀, ènìyàn lè gba Benin dé Asaba, kí ó sọdá Odò Ọya bọ́ sí Onitsha, kí ó gba Enugu, Abakaliki àti Ogoja gun òkè Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River. Ọ̀nà tí ó gun òkè náà lọ́ bí ejò, òtútù a sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ kí o tó dé orí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ adùn alùpùpù, ibẹ̀ ni kí ó lọ.

Mo gbà pé ó ní ìnira tirẹ̀. Má ṣe rìn ní ọjọ́ Ajé ní ilẹ̀ Ìgbò, nítorí pé ní ọdún 2021 ni àwọn tó ń jà fún Biafra pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn máa jókòó sílé ní ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ olú ìlú ìpínlẹ̀ ni wọ́n sì ti fi òfin de ọ̀kadà. Bí ọlọ́pàá bá rí Boxer, kò ní dúró béèrè bóyá èrò ni o ń gbé tàbí àgọ́, nítorí náà máa gba ẹ̀yìn ìlú kọjá. Yọ irin tí wọ́n ń gbé ẹrù èrò lé kúrò, di àpò ìrìn àjò gidi mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí o sì máa dé àṣíborí tí ó bo ojú. Ìmúra yẹn máa ń jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Mẹkáníìkì Ògbómọ̀ṣọ́ fèsì pé:

Boxer 150 á lọ, á sì bọ̀. Mẹkáníìkì tí kò lè tú u palẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, èyí ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn máṣíìnì ńlá tí ènìyàn gbọ́dọ̀ retí ẹ̀yà ara wọn láti òkè òkun. Táńkì kan yóò gbé ọ ju 300 kìlómítà lọ. Atẹ́gùn ni ó ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára, nítorí náà má ṣe fi eré pá a láyà. Pààrọ̀ ọ́ìlì kí o tó kúrò nílé, kí o sì mú túùbù iwájú àti tẹ̀yìn, púlọ́ọ̀gì kan, wáyà kílọ́ọ̀ṣì, pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ kékeré àti sípánà 10, 12 àti 14 dání.

Ibi ìdẹrù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó sí wàhálà. Bí o bá kó gbogbo ẹrù sí ìpẹ̀kun ìjókòó, táyà iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ máṣíìnì á sì máa gbọ̀n. Ohun tí ó bá wúwo, bí omi àti irinṣẹ́, ìsàlẹ̀ ni kí ó wà, kí ó sì súnmọ́ ẹ̀yìn rẹ. Lẹ́yìn tí o bá dẹrù tán ni kí o tó yẹ ṣéènì wò, nítorí pé ẹrù máa ń yí bí ó ṣe le padà: fi ìka tì í láàárín, kí ó fì sókè sódò ní ìwọ̀n ìbú ìka méjì.

Ẹ̀rù epo inú ìgò ní etí ọ̀nà ń bà mí ju ti ọ̀nà búburú lọ. Bí o bá rà á, tí máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, pa á, kí o ti epo pa lábẹ́ táńkì. Ìdè kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnì. Gbé ọmọrí ìgò sábẹ́ rẹ̀, kí o tú ìdè náà díẹ̀, kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ro sínú ọmọrí náà. Omi kì í pò mọ́ epo. Ìwọ yóò rí i bí ó ṣe ká jọ sí ìsàlẹ̀. Máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí epo yóò fi mọ́, kí o sì dì í padà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì ní í ná ọ ní kọ́bọ̀.

Ìyá Tólú Akúrẹ́ fèsì pé:

Akin, ọmọ mi, gbogbo wọn ti sọ̀rọ̀ ọ̀nà àti máṣíìnì, ibi tí o máa sùn gan-an ni o sì béèrè. Èmi náà ń gun alùpùpù, mo sì ń pàgọ́ sùn. N kì í sùn sínú igbó. Àgbàlá ẹni tí ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀ ni mo ń sùn sí: àgbàlá baálẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ti ilé ìwé nígbà tí àwọn ọmọ bá wà ní ìsinmi. Àgọ́ tí a pa sí àgbàlá kò dín àgọ́ kù. Ohun tí àwọn òyìnbó inú fídíò yẹn ń wá ni ibi tí kò sí ènìyàn. Ní ilẹ̀ wa, ènìyàn ni ààbò, bí o sì ṣe ń béèrè ibi ìsùn ni ìwọ yóò fi mọ ìlú tí o dé.

Abúlé tí ó ní baálẹ̀ sàn ju ìlú ńlá lọ fún èyí. Dé ibẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ń ti oko bọ̀, kí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rí ọ. Sọ̀kalẹ̀ lórí máṣíìnì ní ẹnu àbáwọlé, ṣí àṣíborí kúrò lórí, kí o sì béèrè ilé baálẹ̀ lọ́wọ́ àgbà, má ṣe béèrè lọ́wọ́ ọmọdé. Dọ̀bálẹ̀, sọ ìlú rẹ àti ilé tí wọ́n ti bí ọ, kí o tó sọ̀rọ̀ àgọ́. Wọ́n lè sọ fún ọ pé yàrá wà, kí ló dé tí o fẹ́ sùn síta bí ẹni tí kò lẹ́bí. Má ṣe jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé o kọ oore wọn. Sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ́ ìrìn àjò rẹ ni, kí o sì jókòó jẹun pẹ̀lú wọn.

Tan tọ́ọ̀ṣì sí ilẹ̀ kí o tó tẹ́ àgọ́. Bí o bá rí ìlà ìjàlọ, wá ibòmíràn, nítorí pé lóru ni wọn yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ilẹ̀ àgbàlá sábà máa ń le débi pé èèkàn oníke tí ó bá àgọ́ wá kì í wọlé, nítorí náà ra ìṣó gígùn ti káfíńtà. So ọ̀kan nínú okùn àgọ́ mọ́ táyà máṣíìnì rẹ: bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án lóru, àgọ́ yóò mì, ìwọ yóò sì jí. Gbọn bàtà rẹ ní òwúrọ̀ nítorí àkeekèé.

Ní ti oṣù, ìparí oṣù Bélú sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀pẹ ni mo yàn. Òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ kò tíì kó eruku bo ojú ọ̀nà, wọn kò sì tíì máa sun igbó káàkiri. Ìrì máa ń pọ̀ ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn á gbẹ àgọ́ kí o tó jẹun tán.

Akin Mọ́níyà fèsì pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti gbà láti kọ́kọ́ rin ọ̀nà tí Ẹ̀gbọ́n Àgbà Ojú Ọ̀nà là sílẹ̀, kí n tó ronú nípa Obudu. Kí ni mo lè fún baálẹ̀, ìwé wo ni mo sì gbọ́dọ̀ mú dání?

Àgbà Ojú Ọ̀nà fèsì pé:

Má ṣe nawọ́ owó sí baálẹ̀ nígbà tí o bá ń wọlé, kí ó má baà dà bí ẹni pé ilẹ̀ ni o fẹ́ háyà. Búrẹ́dì tí o rà lójú ọ̀nà ni kí o kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kí o sì fi owó obì lé e lọ́wọ́ nígbà tí o bá ń dágbére ní òwúrọ̀. Ní ti ìwé, mú ìwé máṣíìnì, ìbánigbófò àti káàdì ìdánimọ̀ rẹ dání. Wo ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ dáadáa, nítorí pé A ni ti alùpùpù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gun máṣíìnì pẹ̀lú B tí wọ́n gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kí o tó sùn lálaalẹ́, fi orúkọ abúlé náà ránṣẹ́ sílé, kí o sì fi nọ́ńbà baálẹ̀ tàbí ti ọmọ rẹ̀ kún un, nítorí pé bátìrì fóònù tìrẹ lè kú.