Ìbọn ìléwọ́ tuntun: gbogbo ọta mi ń lọ sísàlẹ̀ lápá òsì, ṣé ìbọn ni àbí èmi?

omo_okearo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Houston ni mò ń gbé, àmọ́ Àkúrẹ́ ni mo wà bí mo ṣe ń tẹ èyí, nílé wa ní Òkè Àró, mo wá kí àwọn òbí mi, ìparí oṣù yìí ni mò ń padà. Kí n tó wá ni mo ra ìbọn ìléwọ́ kan lọ́hùn-ún, Ruger GP100, revolver ni, irú èyí tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí tẹ́ ẹ bá ti fà á yẹn, ọta mẹ́fà ló ń gbà, irú ọta tí wọ́n ń pè ní .357 Magnum. Tuntun nínú páálí ni o, kì í ṣe tòkúnbọ̀. Green card wà lọ́wọ́ mi, mo kọ fọ́ọ̀mù wọn, wọ́n yẹ orúkọ mi wò lọ́dọ̀ ìjọba, kò pẹ́ wọ́n ní kí n máa gbé e lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn dánra wò. Inú ilé ni, wọ́n fi pátákó dá a sí kéékèèké bí ibi tá a ti ń tẹ̀ka ìbò, kálukú wà nínú tiẹ̀, bébà tó o máa yìn wà lórí wáyà, tó o bá tẹ bọ́tìnì á máa sá lọ bí aṣọ tí atẹ́gùn ń gbá lórí okùn. Yáàdì 7 péré ni mo fi í sí. Mo bo etí, mo wọ awò wọn, mo fà á. Hẹ̀n-ẹ́n! Ariwo yẹn wọnú eyín mi lọ. Kí n tó yin páálí kan tán, ìyẹn ọta 50, ọrùn ọwọ́ ti ń ro mí. Ìgbà tí mo wá fa bébà padà, ẹyọ kan ò sí láàárín! Gbogbo ẹ̀ kó jọ sísàlẹ̀ lápá òsì bí eṣinṣin tó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà. Ọwọ́ ọ̀tún sì ni mò ń lò o.

Bébà yẹn ni mo ká sínú báàgì wálé láti fi han bàbá mi torí ọdẹ ni wọ́n nígbà ayé agbára wọn, igbó Ìdànrè ni wọ́n ń dẹ. Bàbá gbé e jáde síta, wọ́n wọ awò wọn, wọ́n ń fi ìka bọ ihò yẹn níkọ̀ọ̀kan, wọn ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n wá ní, "Ṣé o dijú ni?" Inú bí mi. Màmá mi ti ń rẹ́rìn-ín nínú kíṣìnnì.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ìdè kan wà lẹ́yìn ìbọn náà tèèyàn lè fi yí ibi téèyàn ń fojú wò, ṣé kí n yí i sápá ọ̀tún kó bàa lè gún? Ẹ̀ẹ̀kejì, bàbá ní kí n ra tiwọn náà bọ̀ tí mo bá ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣeré o, ojú wọn ò jọ tẹni tó ń ṣeré.

Ekimogun_ATL

Bọ̀ọ̀dá, ẹ má fọwọ́ kan ìdè yẹn! Ìbọn yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún yìn tí ọta rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ lápá òsì, ariwo ló ń bà á lẹ́rù, ara rẹ̀ ti ń múra sílẹ̀ kó tó dún, á ti tẹ ẹnu ìbọn nísàlẹ̀ kí ọta tó jáde. Revolver wá le ju àwọn tó kù lọ lórí èyí torí tirígà rẹ̀ gùn ó sì wúwo, òun náà ló ń gbé hámà, irin tó ń lu ìdí ọta, sókè tó tún ń yí ilé ọta, tẹ́ ò bá ṣọ́ra gbogbo ọwọ́ lẹ ó fi fà á dípò ìka kan.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín kó ọta sí i lẹ́yìn, kó fi èèpo ọta tẹ́ ẹ ti yìn tán méjì-mẹ́ta há wọn láàárín, kó yí i, kẹ́ ẹ má mọ èwo ló kàn. Tí hámà bá sọ̀ lé òfìfo, kò ní dún, ẹ ó wá fojú ara yín rí ohun tọ́wọ́ yín ń ṣe. Èmi rí tèmi, ẹnu ìbọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa owó tó já bọ́. Ojú tì mí.

Ẹ tún dá Magnum yẹn dúró ná. Ẹ ra ọta .38 Special, ó wọ inú ìbọn yín dáadáa, kì í ta bẹ́ẹ̀ yẹn, owó rẹ̀ náà sì dín. Èèpo .357 fi nǹkan bíi mílímítà 3 gùn ju ti .38 lọ ni, ìdí nìyẹn tí .357 ò fi lè wọ ìbọn tó jẹ́ ti .38 nìkan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti yin .38 púpọ̀, ẹ fọ àwọn ihò inú ilé ọta dáadáa, ìdọ̀tí máa ń gbá sínú rẹ̀ bí òrùka, .357 á wá máa há. Ẹ sì má jẹ́ kí ìka yín sún mọ́ àlàfo tó wà láàárín ilé ọta àti irin gígùn iwájú o, iná ń gba ibẹ̀ jáde, ó lè gé ìka.

baba_ode_ondo

Ọmọ mi, bàbá rẹ ò purọ́. Àwa tá a fi ṣakabùlà kọ́ṣẹ́, àrùn yẹn kì í fara pa mọ́ fún wa. Tó o bá fa ṣakabùlà, iná á kọ́kọ́ ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó wọlé lọ bá ẹ̀tù, ó máa ń ṣe bí ẹni ń rò ó, àárín ìgbà yẹn ni ọmọdé máa ń dijú tí á sì gbé ẹnu ìbọn lọ ibòmíì. Èmi náà ṣe é, ẹ̀tù jó, ẹtu lọ, ó tún yíjú wò mí kó tó wọgbó.

Ohun tí ọ̀gá mi ṣe ni pé ó bá mi ki ìbọn lọ́jọ́ kan, ó ní kí n yin ìbẹ́pẹ kan tó pọ́n lórí igi. Mo na ìbọn, mo fà á, kẹ́ẹ́, kò dún. Àṣé kò fi ẹ̀tù sí i rárá. Ó ní, "Ìbẹ́pẹ wà níbẹ̀, ìwọ dà?" Mo ti yíjú sẹ́yìn pátápátá, etí mi ti kan èjìká.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ Ẹkímọ̀gún tó wà l'Átílántà yẹn ń sọ, òun náà lẹ̀ ń gbọ́ yẹn.

oga_feyinti

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ dáhùn. Má gbé e wá. Má ronú ẹ̀. Òfin ìbọn ọdún 1959 pín in sọ́nà mẹ́ta: ṣakabùlà àtàwọn tá a ń kì látẹnu wà lọ́tọ̀, ìbọn ọdẹ oníkatiríìjì tí kì í fúnra rẹ̀ kó ọta mìíràn sẹ́nu wà lọ́tọ̀, ọ̀gá pátápátá ọlọ́pàá ló ń fọwọ́ sí ìyẹn. Revolver àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn tí òfin kà léèwọ̀, Ààrẹ nìkan ló lè yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ó kéré tán wà nínú ìwé òfin fún ẹni tí wọ́n bá ká irú ìbọn èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ. Ọta náà wà nínú òfin o. Tú gbogbo àpò báàgì tó o gbé lọ ibi ìdánrawò yẹn wò kó o tó tún fi rìnrìn-àjò, ọta kan ṣoṣo tó sá pamọ́ sínú jákẹ́ẹ̀tì ti bá ìrìn-àjò ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́.

mama_ibeji_alagbaka

Gbogbo yín ń sọ bó ṣe ń yìn, kò sẹ́ni tó bi í pé ọ̀dọ̀ ta ni ìbọn wà báyìí tóun fi wà l'Àkúrẹ́. Ṣé àwọn ọmọ wà nínú ilé yẹn?

omo_okearo

Màmá, ẹ ṣé é o. Ó wà nínú àpótí irin, mo tún fi okùn onírin tó bá a wá gba inú rẹ̀ kọjá, mo tì í, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà níbí, ìyàwó mi gan-an ò lè ṣí i. Ọta wà ní yàrá mìíràn.

Ọ̀gá, mo ti gbọ́, mo sì ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ sétí bàbá. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá màá bá àwọn rà á ni.

Ẹ gbọ́ o, lánàá bàbá gbé ṣakabùlà wọn jáde látẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ti ọ̀pá bọ ẹnu rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, wọ́n ní kí èmi náà tì í bọ̀ ọ́, mo ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá gbé ìdérí ìgò mínírà lé e lórí nítòsí ẹnu, wọ́n ní kí n kọjú sí ògiri ẹ̀yìn kí n máa fà á, kí ìdérí má já bọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló já bọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ti dúró lójú fèrèsé tí wọ́n ń kà á. Ẹ̀ẹ̀kẹwàá ó dúró, mo pariwo, bàbá ní kí n tún un ṣe, wọ́n ní mi ò tíì fà á kan ibi tó le.