Àwọ̀ tó ṣú tàbí àwọ̀ tó mọ́ lára ògiri inú ilé: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Abilékọ, Akóbọ̀, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà inú ilé ni mo gbé wá, nítorí díẹ̀ ló kù kó dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi nígbà tí a ń parí ilé wa. Wọ́n rí àwòrán pálọ̀ kan lórí fóònù, gbogbo ògiri rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ èédú, iná ń tàn wínníwínní láti inú píóòpì. Wọ́n ní irú rẹ̀ gan-an ni àwọn fẹ́. Èmi ní kíríìmù ni.

Ẹnu kọ́ ló parí ọ̀rọ̀ náà. Pálọ̀ wa ní fèrèsé méjì, ṣùgbọ́n fàrándà gígùn wà níwájú ọ̀kan, igi máńgòrò aládùúgbò sì ṣíji bo èkejì. Lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń ràn yòò níta, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kò tó nǹkan. A ra agolo ọ̀dà kékeré kékeré, àwọ̀ èédú kan, kíríìmù kan. A kun méjèèjì sára ògiri, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé àti ní kọ̀rọ̀ tó jìnnà sí fèrèsé. A wá ń wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, lábẹ́ iná NEPA, lábẹ́ àtùpà tí à ń ṣáàjì.

Ìrọ̀lẹ́ ló là wá níjà. NEPA mú iná lọ, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú tán. Èyí tí a kun ní kíríìmù ní kọ̀rọ̀ ṣì ń hàn, èèyàn ṣì lè rí ọmọ tó jókòó síwájú rẹ̀. Èyí tó dúdú ti pòórá. Bàbá àwọn ọmọ mi ló fẹnu ara wọn sọ pé, "A ó máa tan jẹnẹrétọ̀ láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nìyẹn o."

A fi kíríìmù sí ògiri mẹ́ta, a fi àwọ̀ èédú sí ògiri ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Bí tẹlifíṣọ̀n bá wà ní pípa, kì í gba ojú ẹnikẹ́ni lára ògiri yẹn. Bí a bá tàn án lálẹ́, kò sí funfun kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ta wá lójú. Ẹ̀yin ńkọ́?

Akunlé, Abẹ́òkúta

Ìyá wa, ẹ kú oríire ilé tuntun. Iṣẹ́ ọ̀dà ni mo fi ń jẹun, mo sì dúpẹ́ pé ẹ mẹ́nu kan kíkun díẹ̀ wò sára ògiri kí ẹ tó ra bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń bẹ àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í gbọ́. Àwọ̀ tó wà lórí páálí kékeré ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ lẹ máa rí nílé. Bí ògiri mẹ́rin bá kọjú síra wọn, wọ́n á máa ta àwọ̀ síra wọn, kíríìmù á túbọ̀ pọ́n, àwọ̀ eérú á túbọ̀ ṣú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa owó, torí pé èèyàn kì í béèrè rẹ̀ kó tó di pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀dà bo ògiri dáadáa ni èròjà funfun kan tí wọ́n ń pè ní titanium dioxide. Ó pọ̀ nínú ọ̀dà funfun àti nínú àwọn tó mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ po pupa tó jinlẹ̀, wọn kò lè fi púpọ̀ sí i, torí pupa náà á di píǹkì. Ìdí nìyẹn tí pupa tó jinlẹ̀ àti ìyeyè tó mú ṣe lè gba kíkùn ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ojú ògiri àtijọ́ tó pa rẹ́. Dúdú àti búlúù tó ṣú kì í yọ wá lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí à ń kùn ún. Ọjọ́ tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ padà sí funfun ni wàhálà rẹ̀ máa ń dé. A ní láti kọ́kọ́ fi práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, pa á, lẹ́yìn náà la óò tó bẹ̀rẹ̀ funfun, ó sì lè gbà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹni tó mọ̀ pé àwọ̀ máa ń tètè sú òun, kó rò ó dáadáa.

Ògiri fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ tó ọjọ́ 28, ó kéré tán, kí ọ̀dà tó kàn án. Bó bá jẹ́ àkókò òjò, ẹ fi kún un. Sìmẹ́ǹtì tí kò tíì gbẹ dénú máa ń jẹ àwọ̀, àwọ̀ tó ṣú ló sì ń fi í hàn jù. Bákan náà ni ibi tí omi ilẹ̀ ti ń gun ògiri. Iyọ̀ tó wà nínú sìmẹ́ǹtì á bá omi jáde, á di ìyẹ̀fun funfun lójú ògiri. Lára kíríìmù, ó lè pẹ́ kí ẹ tó fura. Lára búlúù, gbogbo àlejò ló máa rí i.

Mo ṣiṣẹ́ nínú ilé kan lápá Ajah, yàrá ìsàlẹ̀. Onílé fẹ́ búlúù tó jinlẹ̀ bí aró. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri, ó tutù. Mo fi ìṣó họ ọ́, ọ̀dà àtijọ́ ń ṣí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ sì ń ya bọ́ bí iyanrìn. Mo ní kí a má tíì ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí a wá ibi tí omi ti ń wá. Páìpù omi kan ló ń jò nínú ògiri. Wọ́n tún un ṣe, a jẹ́ kó gbẹ, a ha ojú ògiri kúrò, a tún un rẹ́. Búlúù yẹn wà níbẹ̀ dòní olónìí, ó rẹwà gan-an.

Bí skírìdì yín, ìyẹn ohun tí wọ́n fi tẹ́ ojú ògiri kí ọ̀dà tó kàn án, kò bá tẹ́jú, ẹ má lo gílọ́ọ̀sì, ọ̀dà tó ń dán, tó bá ṣú. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á fi gbogbo ibi tó wú àti ibi tó jìn hàn. Èyí tí kò dán ń bo àṣírí ògiri, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi tòwẹ́ẹ̀lì nu àwọ̀ tó ṣú tí kò dán, ojú ibi tí ẹ nù á bẹ̀rẹ̀ sí í dán, á sì yàtọ̀ sí ìyókù. Sátíìnì, èyí tó dán díẹ̀, ni mo máa ń sọ pé kí onílé tó ní ọmọ kékeré lò.

Àwọn kan tún gbà pé àwọ̀ tó ṣú ló ń mú yàrá gbóná. Òrùlé àti ògiri ìta tí oòrùn ń pa ni ooru ń gbà wọlé. Ohun tí a kùn sínú kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ níbẹ̀. Ẹni tí yàrá rẹ̀ ń gbóná, kó lọ wo páànù àti àjà rẹ̀.

Ayálégbé, Múṣin

Ilé tí yàrá kọjú síra wọn ni mò ń gbé, pásééjì gba àárín kọjá. Láńdíọ́ọ̀dù kun ìsàlẹ̀ ògiri pásééjì ní ọ̀dà ọ́ìlì, àwọ̀ ewé tó ṣú, ó ga dé ìbàdí èèyàn. Òkè rẹ̀ jẹ́ kíríìmù. Irú èyí tí à ń rí ní ilé ìwé àti ọsibítù ìjọba ni. Àwọn èèyàn ń sọ pé ayé àtijọ́ ni. Èmi rí ọgbọ́n níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ń gbá, ibẹ̀ ni ọmọ ń fọwọ́ ọbẹ̀ tọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọ̀kadà tì lálẹ́. Ọ̀dà ọ́ìlì ṣeé fi ọṣẹ fọ̀. Òkè tó mọ́ yẹn ló sì ń jẹ́ kí gílóòbù kan ṣoṣo ràn dé ẹnu báalùwẹ̀.

Inú yàrá tèmi, funfun ni. Ẹni tó bá ti pa ẹ̀fọn mọ́ ògiri funfun mọ ohun tí ojú mi ń rí. Síbẹ̀ n kò ní kùn ún ní àwọ̀ tó ṣú. Ibi tó ṣú ni ẹ̀fọn fẹ́ràn láti bà sí. Lára funfun, mo máa ń rí wọn kí n tó sùn.

Nọ́ọ̀sì, Manchester

Mo kí gbogbo yín láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ tibí yàtọ̀, torí oòrùn tibí yàtọ̀. Yàrá tó bá kọjú sí àríwá níbí, oòrùn kì í wọ inú rẹ̀ tààrà ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, funfun báláú á dà bí eérú, á máa tutù lójú. Nígbà tí mo ń háyà ilé, àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní magnolia ni mò ń bá ní gbogbo yàrá, kíríìmù kan báyìí tí àwọn onílé ibí fẹ́ràn. Ó máa ń wù mí pé ọjọ́ tí mo bá ní ilé tèmi, màá yan àwọ̀ tó bá ìgbésí ayé mi mu.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ọ̀sán ni mò ń sùn. Nígbà tí mo ra ilé, mo kun yàrá ìbùsùn ní búlúù tó ṣú, àwọ̀ àdìrẹ ìyá mi àgbà gan-an, mo kun àjà rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀dà kọ́ ló ń dí ìmọ́lẹ̀ o, kọ́tìnnì tó nípọn ló ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó bá yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì wọlé, ibi tó bà sí ló ń kú sí, kì í ta káàkiri yàrá mọ́. Bí mo bá wọlé láàárọ̀, tí mo ti ilẹ̀kùn, ara mi máa ń mọ̀ pé àsìkò oorun ti tó. Kíṣìnnì ni mo jẹ́ kó mọ́, ìyeyè tó fúyẹ́, torí ibẹ̀ ni mo ti ń jí.

Ohun kan tó ràn mí lọ́wọ́ ni òǹkà tí wọ́n ń pè ní LRV, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọ̀dà níbí máa ń kọ ọ́ síwájú orúkọ àwọ̀. Ó ń sọ bí àwọ̀ ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tó, láti 0 dé 100. Funfun máa ń ju 80 lọ, búlúù tèmi kò tó 10. Ẹ tún wo páálí gílóòbù yín, nọ́ńbà tí K tẹ̀lé ló ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. 2700K ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n, 6500K ló funfun bí ti ọ̀sán. Àwọ̀ kan náà lábẹ́ méjèèjì, ẹ lè búra pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìlọrin

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó mẹ́nu kan àwọn àgbà. Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ilé mi funfun látòkè délẹ̀: ògiri funfun, táìlì funfun, ilẹ̀kùn báalùwẹ̀ funfun. Àlejò tó bá wọlé á ní ó mọ́ tónítóní. Màmá ń fọwọ́ wá ògiri kiri kí wọ́n tó rí ẹnu ọ̀nà.

Ẹni tó ń tọ́jú ojú wọn ló là mí lọ́yẹ̀. Ó ní ìmọ́lẹ̀ nìkan kò tó, ìyàtọ̀ láàárín nǹkan méjì ni ojú tó ti rẹ̀ fi ń mọ ibi tí nǹkan wà. A kun férémù ilẹ̀kùn báalùwẹ̀ ní búráùn tó ṣú. A fi àwọ̀ kan náà fa ìlà sí ẹsẹ̀ ògiri, níbi tí ògiri ti pàdé táìlì, a sì kun yí súìṣì iná ká. Ògiri yòókù wà ní funfun rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, Màmá dìde lórí àga, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì rìn tààrà lọ sí báalùwẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n padà dé, wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé ilẹ̀kùn pamọ́ fún mi látọjọ́ yìí?"

Bí mo bá ń ka ìjà dúdú àti funfun yìí, ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo máa ń rántí, èyí tí àwọn obìnrin kùn. Funfun, pupa àti dúdú ni wọ́n jẹ́ kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ló ń gbé èkejì yọ. N kò rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ lé ọ̀kan jáde nínú ilé wa.

Ọkọ ìyàwó tuntun, Òṣogbo

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Yàrá kan péré la ní, fèrèsé kan, àjà rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́ àwọ̀ ewé tó ṣú. Kí ni ká ṣe?

Akunlé, Abẹ́òkúta

Àbúrò, ẹ fún un ní àwọ̀ ewé rẹ̀ lára ògiri tó wà lẹ́yìn orí ibùsùn. Ògiri tó kọjú sí fèrèsé, ẹ jẹ́ kó mọ́, torí òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ ìta wọlé fún yín. Ẹ kun àjà ní funfun tí kò dán. Gbogbo ọ̀dà tí ẹ máa lò, ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí wọ́n bá pò lónìí àti èyí tí wọ́n bá pò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lè má bára mu, pàápàá àwọ̀ tó ṣú. Ẹ bu díẹ̀ nínú ìyókù sínú ìgò, ẹ dé e pa, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà àwọ̀ náà sí i lára.