Ẹ gbà mí o, iná ẹ̀rọ géèmù tí mo kàn ń gbé ọmọ

Bàbá Mọ́rẹ̀nikẹ́ (Kétu): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti sú mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kan àpótí géèmù yìí, irú èyí tí èèyàn ń dúró gbá, tí wọ́n ń sọ 50 sẹ́fà sí kó tó ṣiṣẹ́. Káfíńtà gbowó ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀gbẹ́ kan ṣì kúrú ju èkejì lọ. Ìyàwó mi ní ibẹ̀ lowó oúnjẹ ń gbà lọ. Mo kùn ún ní búlúù, ó wuni. Àmọ́ bí mo bá ti tan iná, ọkùnrin inú géèmù á máa rìn lọ sápá òsì fúnra rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún ní ilẹ̀kùn irin tí wọ́n ń sọ owó sí ń ta òun lọ́wọ́. Ṣé ẹni tó ta ọjà fún mi ló rẹ́ mi jẹ ni?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Kò rẹ́ yín jẹ. Súwíìsì kékeré mẹ́rin ló wà lábẹ́ ọ̀pá tí ẹ fi ń darí. Ẹ wo ti òsì: irin mẹ́ta ló yọ síta: COM ni ti àjùmọ̀lò, NO kì í kàn án àfi bí èèyàn bá tẹ ọ̀pá, NC sì máa ń kàn án láìtẹ̀ ẹ́. COM àti NO ni kí ẹ so wáyà mọ́.

Ìyá Sùlíà (Àjàṣẹ́): Ọmọ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ géèmù báyìí, kò fọwọ́ kan ìwé mọ́. Ẹ̀yin bàbá náà lẹ ń bà wọ́n jẹ́.

Bàbá Mọ́rẹ̀nikẹ́: Ìyá, n ò bi yín ní ti ìwé. Ipò kejì ni tèmi mú ní kíláàsì. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, NC ni mo so ó mọ́ lóòótọ́. Mo ti yí i, ó ti dúró. Ti ilẹ̀kùn yẹn kò le, ó kàn ń ta èèyàn fẹ́ẹ́rẹ́ ni.

Àkànjí Oníná: Ó le! Ẹ sọ ti káfíńtà jìnnà, èyí tó lè pa ọmọ lẹ wá ń fojú fò. Wáyà aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò dà?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: 12 volt ló wà nídìí ilẹ̀kùn owó. Ìyẹn kì í gbé èèyàn.

Àkànjí Oníná: Ta ló ń sọ ti 12? 220 ló ń wọ inú àpótí iná tó ń sọ ọ́ di 12. Bàbá, ẹ dá mi lóhùn.

Bàbá Mọ́rẹ̀nikẹ́: Ihò méjì péré ni ojú iná ilé wa ní. Mo gé wáyà yẹn kù, mo fi téèpù wé e. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn irin yẹn ni mo dè àpótí iná náà mọ́, kó má baà máa mì.

Àkànjí Oníná: Ẹ fà á yọ lójú iná! Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà nínú àpótí iná tó ń dá ariwo iná dúró. Wọ́n ń jò díẹ̀díẹ̀ sára irin rẹ̀, wáyà tí ẹ gé ló yẹ kó gbé e lọ sílẹ̀. Ní báyìí, bí ìdajì 220 ló wà lára ilẹ̀kùn yẹn. Iná tó ń jò gan-an ló kéré, òun ló fi ń ta fẹ́ẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí wáyà iná bá tú tó kan irin, 220 odindi ni. Ẹ jẹ́ kí oníná ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀, kó fa wáyà ewé láti ibẹ̀ dé àpótí iná àti ilẹ̀kùn, kó sì fi disjoncteur différentiel 30 mA, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gé iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò, síwájú ojú iná.

Bàbá Mọ́rẹ̀nikẹ́: Ọmọ méje ló wà nídìí ẹ̀ báyìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, wọn ò wọ bàtà.

Ìyá Sùlíà: Yéè! Ẹ dìde!

Àkànjí Oníná: Bàbá Mọ́rẹ̀nikẹ́?

Ìyá Sùlíà: Ẹ dáhùn o.

Bàbá Mọ́rẹ̀nikẹ́: Mo ti yọ ọ́. Gbogbo wọn ń sunkún pé mo ba eré àwọn jẹ́.