Mo ti fi báǹdì sílẹ̀, ṣé kí n ta gìtá àti iyáàlù?

Onígìtá Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 11 ni mo fi wà nínú báǹdì jùjú, gbogbo Sátidé la máa ń lọ òde ìnáwó tílẹ̀ á mọ́ bá wa lórí eré, mo wá fi í sílẹ̀ torí ẹ̀yìn tó ń dùn mí àtàwọn ọmọ tí kì í rí mi. Gìtá, áńpù ńlá kan tó ń gbé ohùn gìtá sókè àti iyáàlù bàbá mi ló kún pálọ̀. Ìyàwó mi ní ká tà wọ́n fi san owó ilé ìwé, ọkàn mi ò gbà.

Ọmọ Àyàn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ta iyáàlù! Ẹ gbé e kọ́ sára ògiri ni, eku máa ń jẹ awọ, tèmi ti lu rí, ọ̀rinrin òjò náà sì máa ń jẹ́ kí awọ dẹ̀.

Màmá Ìbejì: Áńpù ni kẹ́ ẹ tà sà. Mo ta kíbọ́ọ̀dù mi, ó ṣì ń dùn mí dòní.

Onígìtá Ìbàdàn: Ẹ ṣé gan-an. Áńpù ń lọ. Lálẹ́ àná mo yọ okùn gìtá tó ti dógùn-ún, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi di tuntun mú.